Ìbọn Bàbá Dógùn-ún

Ọjọ́ tí Bàbá pe Onídìrí láti ilé ìwòsàn, ó ti di orí oníbàárà kan dé ìdajì. Ó há fóònù sáàárín etí àti èjìká, ọwọ́ rẹ̀ kò sì dúró.

"Dókítà ti tú aṣọ kúrò lójú kejì," ni Bàbá wí. Ohùn rẹ̀ dà bíi ti ọmọdé tí wọ́n ra bàtà tuntun fún. "Ọmọ mi, mo ń rí eṣinṣin lára ògiri! Eṣinṣin! Nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú mi, tí mo ti rò pé ọmọge ni látọjọ́ yìí, àṣé ìyá àgbà ni."

Onídìrí bú sẹ́rìn-ín. Oníbàárà náà rẹ́rìn-ín, torí pé ohùn Bàbá kì í ṣe ohun tí fóònù lè pa mọ́ fún ẹnì kan ṣoṣo.

"Ẹ kú oríire o, Bàbá. Ìgbà wo lẹ ń bọ̀ nílé?"

"Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Àmọ́ iṣẹ́ kan wà tí mo fẹ́ rán ọ. Lọ sí yàrá mi, yọ ìbọn mi nínú àpò, kó o gbé e sórí tábìlì níbi tí oòrùn ti ń wọlé. Òun ni mo fẹ́ kí ojú tuntun yìí kọ́kọ́ rí tí mo bá délé."

"Bàbá! Èmi ọmọ yín ńkọ́? Àwọn ọmọ-ọmọ yín ńkọ́?"

"Ẹ̀yin, mo ń gbọ́ ohùn yín lójoojúmọ́. Ìbọn kì í sọ̀rọ̀."

Onídìrí ni ọmọ kan ṣoṣo tí Bàbá bí, látìgbà tí ìyá rẹ̀ sì ti kú ni Bàbá ti ń gbé lọ́dọ̀ òun àti ọkọ rẹ̀. Iṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ igbó ni Bàbá ṣe títí ó fi fẹ̀yìn tì. Nígbà tó fẹ̀yìn tì tán, tí ilé jíjókòó ń sú u, ó gba ìwé àṣẹ, ó ra ìbọn gígùn kan, ó sì wọ ẹgbẹ́ àwọn àgbà tó ń fi ìbọn ṣe eré ìdárayá ní pápá kan lẹ́yìn ìlú. Wọn kì í pa ẹran, wọn kì í pa ẹyẹ. Bébà tí wọ́n ya òbìrípo sí lára ni wọ́n ń yìn. Bàbá mọ̀ ọ́n yìn débi pé àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ máa ń fẹ̀sùn kàn án pé bébà ló ń rìn lọ pàdé ọta rẹ̀.

Nígbà tí awọ funfun wá bẹ̀rẹ̀ sí í bo ojú rẹ̀, ó ṣíwọ́ pápá, àmọ́ kò ṣíwọ́ ìbọn. Bó bá di ìrọ̀lẹ́, á jókòó sórí àga rẹ̀ ní pálọ̀, á gbé ìbọn lé itan, á máa fọwọ́ wá ibi gbogbo lára rẹ̀ láti ìdí dé ẹnu. Á kán òróró sí i, á fi aṣọ nù ún, á máa kùn lábẹ́ ọ̀fun bí ẹni tó ń rẹ ọmọ lẹ́kún. Ẹnikẹ́ni nínú ilé kì í dí i lọ́wọ́ lásìkò náà.

Nígbà tí Onídìrí ti ṣọ́ọ̀bù tán, ó gba yàrá Bàbá lọ. Ó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, ó gbé àpò aláwọ náà jáde, ó tẹ́ ẹ sórí bẹ́ẹ̀dì, ó fa sípì rẹ̀. Ó kọ́kọ́ rò pé ìbọn ẹlòmíràn ni òun gbé.

Ìbọn tó mọ̀ tẹ́lẹ̀, dúdú ni, dúdú tó ń kọ mànà bí irun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pa láró. Èyí tó wà níwájú rẹ̀ yìí ti pọ́n. Ìpáàrà ti mú ọ̀pá rẹ̀ káàkiri, òmíràn kéré bí orí abẹ́rẹ́, òmíràn fẹ̀ tó àtàǹpàkò. Ó rántí ohun tí Bàbá kọ́ ọ láti kékeré, pé kó tó ṣe ohunkóhun, kó kọjú ẹnu ìbọn síbi tí kò séèyàn, kó má fi ìka kan ibi tí wọ́n ń fà, kó ṣí i, kó sì fi ojú ara rẹ̀ rí i pé kò sí ọta níbẹ̀. Ó di ọwọ́ irin tí wọ́n fi ń ṣí i mú, ó fà á. Kò gbọ́. Ó tún fà á, ó fi gbogbo ara fà á, ó dún kẹẹ́ bí ilẹ̀kùn ilé tí wọ́n ti pa tì, ó wá ṣí. Kò sí ọta níbẹ̀. Ìpáàrà ló wà níbẹ̀.

Onídìrí jókòó gbà-á sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó wo ìka rẹ̀, ìka náà ti pọ́n bíi pé ó po amọ̀.

"Mo gbé," ó wí. "Mo gbé o."

Ara rẹ̀ ló kọ́kọ́ dá lẹ́bi. Lọ́jọ́ kejì tí Bàbá wọ ilé ìwòsàn ló gbé àga tuntun tí wọ́n fi ń gbẹ irun wá sílé, torí pé kò sí àyè fún un ní ṣọ́ọ̀bù. Kó lè rí ibi gbé e sí, ó ti kọ́bọ́ọ̀dù Bàbá lọ sára ògiri tó bá ilé ìwẹ̀ pààlà. Ògiri yẹn máa ń làágùn bí ẹni tó sáré gun òkè. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì tì í síbẹ̀. Ó ní òun á tì í padà tó bá yá, ó wá gbàgbé.

Ibẹ̀ ni ọkọ rẹ̀ bá a. Káfíńtà ni ọkọ rẹ̀, èèyàn jẹ́jẹ́ tí orí rẹ̀ ti pá kanlẹ̀ látìgbà ọ̀dọ́, tí kò sì sí ìṣòro kankan láyé yìí tó rò pé sáńpépà kò lè yanjú.

"Ìpáàrà lásán lo torí ẹ̀ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀?" ló wí. Kí Onídìrí tó lanu, ó ti yọ ègé sáńpépà kan nínú àpò ṣòkòtò, ó ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ti fi kọrẹ-kọrẹ ha ọ̀pá ìbọn náà. "Wò ó! Ó ti lọ."

Onídìrí wò ó. Ìpáàrà ti lọ lóòótọ́. Dúdú ara ìbọn náà ti bá a lọ. Ó ku ilà funfun kan tó ń tàn yanran bí eyín.

"Bàbá àwọn ọmọ, kí lẹ ṣe yìí?"

Káfíńtà súnmọ́ ọn wò. Ó fi ìka pa á. "Ó jọ pé mo ti ha á jù."

"Ó jọ bẹ́ẹ̀!"

"Kò burú. Mo ní fáníìṣì dúdú kan tó ṣẹ́kù lára fèrèsé tí mo ṣe..."

"Ẹ ò gbọdọ̀ kùn ún! Ẹ ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án mọ́! Mo bẹ̀ yín, ẹ lọ jẹun."

Ó lọ. Kò pẹ́ tó fi yọjú lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ìgò fínígà tó mú nínú ilé ìdáná. "Ẹnì kan ní ibi iṣẹ́ wa sọ pé tí wọ́n bá rẹ irin sínú..."

"Ẹ padà sídìí oúnjẹ yín!"

Ẹnì kan ṣoṣo ló mọ ìbọn tún ṣe nínú ẹgbẹ́ Bàbá, ọ̀rẹ́ Bàbá tímọ́tímọ́ sì ni. Wọ́n ń pè é ní Rédíò, nítorí pé ọ̀rọ̀ kì í sùn sí i nínú. Bí èèyàn bá sọ nǹkan fún un láàárọ̀, kó tó di ọ̀sán, àwọn tó wà ní òdìkejì ìlú á ti gbọ́ ọ, pẹ̀lú èènì. Onídìrí fi gbogbo àárọ̀ ọjọ́ kejì rò ó sọ́tùn-ún, ó rò ó sósì. Ó pinnu pé irọ́ lòun máa pa.

Ṣọ́ọ̀bù Rédíò kò fẹ̀ ju kí èèyàn méjì fi èjìká kan èjìká lọ, òórùn òróró àti irin tí wọ́n ha ló sì gba ibẹ̀ kan. Rédíò fúnra rẹ̀ jókòó sídìí tábìlì, ó fi awò kan há ojú, ó ń wo nǹkan kan tó kéré ju ẹyọ ìrẹsì lọ.

"Ẹ káàárọ̀, sà."

"Áà! Ọmọ ọ̀rẹ́ mi! Mo gbọ́ pé Bàbá rí eṣinṣin."

"Ó rí i, sà. Ẹ ṣeun. Ìbéèrè kan ni mo bá wá. Ẹ̀rọ kan ló dógùn-ún, mo wá fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń bọ́ ìpáàrà náà kúrò."

"Ẹ̀rọ wo?"

"Ẹ̀rọ... ìránṣọ."

"O ti ń ránṣọ mọ́ irun dídì?"

"Ti ọ̀rẹ́ mi ni, sà."

"Ibo ló ti dógùn-ún lára ẹ̀?"

"Lára ọ̀pá ẹ̀."

Rédíò yọ awò kúrò lójú. "Ẹ̀rọ ìránṣọ ọlọ́pàá. Báwo lọ̀pá náà ṣe gùn tó?"

Kí Onídìrí tó mọ ohun tó ń ṣe, ó ti na apá méjèèjì.

"Hẹ̀n-ẹ́n," ni Rédíò wí. "Igi wà nídìí ẹ̀?"

"Ó wà, sà."

"Igi tó máa ń jókòó dáadáa sí èèyàn léjìká?"

Onídìrí yára sọ apá rẹ̀ méjèèjì kalẹ̀.

"Ọ̀rẹ́ rẹ yìí," ni Rédíò wí jẹ́jẹ́, "ṣé aṣọ ló ń fi rán àbí ó ń dijú kan wò ó?"

Ẹ̀rín gba Onídìrí lẹ́nu kó tó lè dá a dúró, omi sì lé sí i lójú pẹ̀lú ẹ̀rín náà. Ó fìdí lé àpótí tó wà níbẹ̀, ó jẹ́wọ́: kọ́bọ́ọ̀dù, ògiri ilé ìwẹ̀, àti sáńpépà. Nígbà tó dórí sáńpépà, Rédíò pariwo bí ẹni tí òòlù bọ́ lù lẹ́sẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún Bàbá," ni Onídìrí bẹ̀ ẹ́. "Ẹ jẹ́ kí n tún un ṣe ná."

"Èmi? Kí n sọ? Ibojì lẹnu mi."

Ó wá kọ́ ọ ní iṣẹ́ náà, ó kọ́ ọ tinútinú. Ó ní kò gbọdọ̀ fi agbára lé ìpáàrà, kó fi òróró tàn án jáde ni. Kó kọ́kọ́ yọ igi kúrò lára irin. Kó fi òróró ìbọn ra gbogbo ibi tó pọ́n, kó fi í sílẹ̀ kó mu ún yó. Lẹ́yìn náà, kó mú irin wúrúwúrú tó rọ̀ jù lọ, èyí tó dà bí òwú lọ́wọ́, kó fi òróró sí òun náà, kó máa fi ra á lọ-bọ̀ lọ́ọ̀ọ́rọ́ bí ọ̀pá náà ṣe gùn, kó máa rọra. Kó nù ún, kó wò ó, kó tún bẹ̀rẹ̀. Búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó ti gbó ni kó fi wọ àwọn kọ̀rọ̀. Inú ọ̀pá ńkọ́? Kó fi aṣọ funfun sórí igi tẹ́ẹ́rẹ́ tí Rédíò máa yá a, kó tì í láti ẹ̀yìn jáde lẹ́nu, kó máa pààrọ̀ aṣọ náà títí tó fi máa jáde bó ṣe wọlé.

"Kó o wọ ìbọ̀wọ́," ló wí. "Òógùn ọwọ́ èèyàn níyọ̀ nínú. Ibi tó o bá fọwọ́ lásán kàn lónìí, ibẹ̀ ló máa pọ́n lọ́la."

"Ilà funfun yẹn ńkọ́, sà?"

Rédíò fa dúrọ́ọ̀ kan, ó mú ìgò pẹlẹbẹ kan jáde. "Omi tí wọ́n fi ń pa irin láró nìyí. Tó o bá ti nu òróró ibẹ̀ kúrò pátápátá, kó o fi òwú tọ́ ọ síbẹ̀, kó o dúró díẹ̀, kó o fi omi nù ún, kó o tún tọ́ ọ."

Ojú Onídìrí là. "Bí àró irun!"

"Ìwọ gan-an lo mọ̀ ọ́n."

Ọ̀nà tí Onídìrí gbà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà, ẹni tó bá rí i á rò pé orí ìyàwó ni wọ́n ní kó ṣe. Ó tẹ́ ọ̀rá sórí tábìlì pálọ̀, ó tẹ́ aṣọ àlòkù lé ọ̀rá. Ó to ègé ìbọn náà sílẹ̀ bí wọ́n ṣe tú tẹ̀lé ara wọn, kí àtitò padà má bàa di wàhálà. Ó wọ ìbọ̀wọ́ tó fi ń pa irun láró. Ó ti tọ́jú irun tó gbẹ, irun tó gé, irun tí ẹlòmíràn ti fi kẹ́míkà bà jẹ́, ó sì mọ̀ pé ìkánjú ló máa ń sọ wọ́n di pípá. Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe rí. Ó ra òróró, ó dúró. Ó fi irin wúrúwúrú náà ra á. Ní ìgbà àkọ́kọ́ tó nù ún, aṣọ náà pọ́n pìpì, kò sì jọ pé nǹkan kan yí padà lára irin. Ó tún ra á. Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, dúdú yọjú, ibi tó tó èékánná kan péré. Ó pariwo débi pé Káfíńtà sáré wọlé.

"Ṣé ó ti yìn ni?"

"Ẹ wá wò ó! Dúdú ni!"

Káfíńtà wò ó láti ọ̀ọ́kán, ó ká ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn bí wọ́n ṣe pàṣẹ fún un. Àánú rẹ̀ ṣe ìyàwó rẹ̀. Ó gbé igi ìdí ìbọn fún un, ó ní kó máa tọ́jú ìyẹn. Inú Káfíńtà dùn bí ẹni tí wọ́n dá padà sẹ́nu iṣẹ́. Ó fi òróró igi pa á, ó fi aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ nù ún, ó gbé e sójú oòrùn, ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn. Tọkọtaya náà jókòó sí igun tábìlì méjì, wọ́n ń ṣiṣẹ́, wọ́n ń tàkúrọ̀sọ. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti jọ ṣe nǹkan pọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ tí Bàbá dá kò tíì pé. Ọ̀sán gangan ni, òróró wà lójú Onídìrí, igi tẹ́ẹ́rẹ́ náà há sínú ọ̀pá ìbọn, nígbà tí ọkọ̀ kan dúró níta. Kí ó tó lè bo nǹkan kan, ilẹ̀kùn ṣí. Bàbá ló wọlé, kò mú ọ̀pá ìtìlẹ̀ lọ́wọ́, ó wọ awò dúdú ńlá. Rédíò tẹ̀ lé e, ó gbé báàgì rẹ̀, ó ń wo àjà ilé.

"Ẹ̀yin!" Onídìrí nàka sí Rédíò. "Ibojì!"

"N ò sọ nǹkan kan," ni Rédíò wí. "Mo kàn bi í léèrè ni bóyá ó mọ ẹnì kan tó ní ẹ̀rọ ìránṣọ tó ń jókòó sí èèyàn léjìká."

Bàbá kò dá sí wọn. Ó yọ awò dúdú náà. Onídìrí ń retí kí ojú rẹ̀ balẹ̀ sórí tábìlì, àmọ́ tábìlì kọ́ ni Bàbá ń wò. Òun ni Bàbá ń wò. Bàbá rìn wá, ó fọwọ́ kan gba ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ mú, ó yí i sí ibi ìmọ́lẹ̀.

"Ewú," ló wí. "Ewú ti jáde lórí ọmọ mi."

"Bàbá, ẹ má jẹ́ kí àwọn oníbàárà mi gbọ́."

"Imú ìyá rẹ sì rèé." Ohùn Bàbá rẹlẹ̀. "Ṣé pé ó ti wà níbẹ̀ látọjọ́ yìí. Mo ti ń gbìyànjú kí n rántí imú yẹn, ó ń sá fún mi."

Káfíńtà wo ilẹ̀. Onídìrí fẹ́ nu ojú, ó rí i pé ìbọ̀wọ́ òun kún fún òróró, ó wá fi èjìká nù ún.

"Bàbá, ẹ dárí jì mí. Èmi ni mo ti kọ́bọ́ọ̀dù yín sára ògiri ilé ìwẹ̀. Èmi ni mo jẹ́ kí ìbọn yín dógùn-ún."

"Láàárín àkókò díẹ̀ tí mo fi wà ní ilé ìwòsàn?" Bàbá wá yíjú sí tábìlì. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fara balẹ̀ wo ibi tó ti dúdú àti ibi tí kò tíì dúdú. "Rárá o. Ìpáàrà tó ti wọra tó báyìí kì í ṣe ti àná. Gbé àpò rẹ̀ fún mi."

Káfíńtà gbé àpò aláwọ náà wá. Bàbá ki ọwọ́ bọ àpò kékeré ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó mú ìgò róbà kékeré kan jáde, èyí tí ẹnu rẹ̀ ṣe ṣóńṣó. "Òróró tí mo fi ń nù ún ní ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ nìyí," ló wí. "Ó yẹ kó..." Ó gbé ìgò náà jìnnà sójú, ó tún mú un súnmọ́. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ka ohun tí wọ́n kọ sí i lára sókè ketekete.

"Fún irun tó gbẹ, tó sì le koránkorán. Ẹ máa lò ó lójoojúmọ́. Ó ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra, kí irun yín lè máa tutù yọ̀yọ̀ títí ilẹ̀ fi máa ṣú."

Gbogbo wọn tẹjú mọ́ ìgò náà.

"Ó tutù lóòótọ́," ni Rédíò wí.

Àfi bíi pé wọ́n tú wọn sílẹ̀. Onídìrí dì mọ́ tábìlì, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń mí gúlegúle. Ìgò òróró ìbọn àti ìgò ìtọ́jú irun, bákan náà ni wọ́n rí lọ́wọ́, ojú fèrèsé pálọ̀ sì ni òun máa ń to tòun sí. Ọjọ́ tí òróró Bàbá tán, ọwọ́ rẹ̀ ti bọ́ sí ti irun, kò sì kúrò níbẹ̀ mọ́.

"Ẹ dúró ná!" Káfíńtà fò dìde. Ó fọwọ́ lé àgbárí rẹ̀ tó ń dán. "Ṣé àwọn ìgò tó ń pòórá nìyẹn? Èyí tó o ní èmi ni mò ń jí lò? Èmi? Sórí wo?"

"Mo rò pé ẹ ń gbìyànjú kó tún hù ni," ni Onídìrí wí, ó sì tún ṣubú lé ẹ̀rín.

Bàbá ti jókòó sórí àga rẹ̀, èjìká rẹ̀ ń mì. "Mo ti ń ṣe ìtọ́jú irun fún ìbọn," ló wí. "Abájọ tó fi ń ta sánsán. Mo ní àwọn tó ń ṣe òróró ìbọn ti gbọ́n sí i láyé òde òní." Nígbà tí ẹ̀rín rọlẹ̀, ó wo ọmọ rẹ̀. "Ògiri rẹ náà lọ́wọ́ sí i. Àpò aláwọ yìí náà lọ́wọ́ sí i, ó máa ń mu omi bí ẹran. Ẹ jẹ́ ká pín ẹ̀bi náà, kó má pọ̀ jù lọ́rùn ẹnì kan."

"Sáńpépà ńkọ́?" ni Rédíò béèrè.

"Sáńpépà wo?" ni Bàbá wí.

Káfíńtà ti wà nínú ilé ìdáná.

Wọ́n jọ parí rẹ̀ ni. Bàbá ló ń tọ́ka sí ibi tó kù, ojú rẹ̀ ń rí ẹyọ ìpáàrà tí ojú Onídìrí kò rí, ó sì ń yangàn lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Onídìrí pa ilà funfun náà láró lẹ́ẹ̀mẹta kí ó tó dọ́gba pẹ̀lú ìyókù, kódà kò dọ́gba tán. Ẹni tó bá mọ ibẹ̀ á ṣì rí i. Lẹ́yìn náà, wọ́n fi òróró gidi pa gbogbo rẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, bí ìpara tí ẹni tó ń ṣọ́ ọ lò ń fi pa ojú.

Káfíńtà fi kọ́bọ́ọ̀dù tuntun bẹ ìbọn. Ó ṣe é gíga kí ìbọn lè dúró nínú rẹ̀ láìwọ àpò, ó dá ihò sí i lókè àti nísàlẹ̀ kí atẹ́gùn lè rìn, ó so kọ́kọ́rọ́ mọ́ ọn, ó sì gbé e sára ògiri tí oòrùn máa ń ná. Rédíò ní kí wọ́n fi àwọn àpò pẹlẹbẹ tó máa ń wà nínú páálí bàtà síbẹ̀, torí pé wọ́n máa ń mu omi inú afẹ́fẹ́. Bàbá bá bẹ̀rẹ̀ sí í dá àwọn ará àdúgbò dúró lójú pópó, ó ń bi wọ́n bóyá wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ra bàtà. Ìgò ìtọ́jú irun, gbogbo rẹ̀ pátá ni Onídìrí kó lọ sí ṣọ́ọ̀bù.

Ìdíje ìbọn ẹgbẹ́ àwọn àgbà wá dé. Gbogbo ìdílé bá Bàbá lọ sí pápá, wọ́n jókòó sábẹ́ òrùlé páànù lẹ́yìn okùn. Ẹ̀gbẹ́ Rédíò ni wọ́n fi Bàbá sí. Adájọ́ fun fèrè, wọ́n fi nǹkan bo etí. Onídìrí rí bí Bàbá ṣe gbé ìdí ìbọn sí èjìká, bí ara rẹ̀ ṣe rọ̀, bó ṣe mí síta. Ìbọn náà dún. Ó ṣí, ó tì, láìhá. Ó tún dún. Onídìrí kò mọ̀ pé òun ti di ọwọ́ ọkọ òun mú títí ìyẹn fi ní kó jọ̀ọ́ dá ìka òun padà.

Nígbà tí wọ́n yìn tán, adájọ́ lọ kó bébà wá. Ó gbé ti Bàbá sókè. Ó mọ́ nigín-nigín. Kò sí ihò kankan níbẹ̀.

Rédíò ti gba bébà tirẹ̀, ó ti ń fi han àwọn èèyàn. "Ẹ wò ó! Ẹ wo àárín gbùngbùn! Láti ọjọ́ tí mo ti ń yìnbọn, n ò yìn ín báyìí rí! Ẹ pe ìyàwó mi!"

Adájọ́ gba bébà náà padà, ó ka ihò rẹ̀, ó tún un kà. "Bàbá Rédíò," ló wí, "ṣé ọta yín máa ń bímọ lójú ọ̀nà ni? Ihò tó wà níbí jẹ́ ìlọ́po méjì iye tí mo fún yín."

Gbogbo ojú yí sí Bàbá. Àwọn ihò kan wà ní igun ìsàlẹ̀ bébà náà, síhìn-ín sọ́hùn-ún, níbi tí gbogbo ẹgbẹ́ mọ̀ pé Rédíò máa ń yìn sí látọjọ́ tó ti dáyé. Àwọn yòókù wà láàárín gbùngbùn, wọ́n fẹ̀gbẹ́ kẹ̀gbẹ́.

"Bébà rẹ ni mo yìn?" ni Bàbá bi Rédíò.

"Gbogbo ẹ̀ lẹ yìn pátá!"

Òfin kò mọ ojú. Adájọ́ kọ òdo fún Bàbá, wọ́n fún ẹlòmíràn ní ife ẹ̀yẹ náà. Bàbá kò tiẹ̀ wo ibi tí wọ́n ti ń pín in. Ó ti gba bébà tó ní ihò náà, ó ń fi han Onídìrí bí ẹni tó mú èsì ìdánwò wálé. "Mo rí i," ló ń wí. "Mo jókòó lọ́hùn-ún, mo rí àárín rẹ̀ kedere. Mo ń rí ihò bó ṣe ń lu. Ẹni tó ni bébà kò kàn mí."

"Ẹ̀mí mi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́, Bàbá."

"Ìbọn náà ń lọ tààrà. Ṣé o rí i? Ọwọ́ rẹ ló ṣe é."

Nínú ọkọ̀, gbogbo ohun tí wọ́n kọ sára ògiri ni Bàbá ń kà sókè. "A ń rán bàtà níhìn-ín. Ilé yìí kì í ṣe títà. Ẹ má ṣe tọ̀ síbí." Káfíńtà ní òun mọ ọ̀nà, Bàbá ní òun náà ti mọ̀ ọ́n báyìí.

Nígbà tí wọ́n délé, Bàbá ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ jẹun kí wọ́n tó tọ́jú ìbọn. Onídìrí tẹ́ aṣọ sórí tábìlì. Bàbá kò jókòó sí àyè tó máa ń jókòó sí, ó fa àga náà fún ọmọ rẹ̀, òun dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, a jọ ń lọ sí pápá ni," ló wí. "Ìwọ lo máa yìn ín."

"Èmi? Bàbá, n ò yìnbọn rí."

"O ti wo gbogbo inú ẹ̀ tán. Ó ku kó o mọ ibi tó ń wò."

Onídìrí ṣí i, ó wò ó pé kò sí ọta níbẹ̀, ó ti aṣọ funfun gba inú ọ̀pá náà. Aṣọ náà jáde pẹ̀lú èérí dúdú díẹ̀. Ó pààrọ̀ rẹ̀. Bàbá tẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ orí rẹ̀, àwọn méjèèjì dijú kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń wo ìmọ́lẹ̀ fèrèsé láti inú ọ̀pá náà, bó ṣe yí po tó sì ń dán láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, Káfíńtà sì ń pariwo láti ilé ìdáná pé oúnjẹ ti ń tutù.